Wọ́n ti etíkun pa torí ṣáàkì: ṣé ó mọ́gbọ́n dání àbí ojora lásán ni?

Láti January 2026 lọ̀rọ̀ ṣáàkì ti gba ẹnu àwọn èèyàn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á ní ìjọba Australia ti ṣojo jù tí wọ́n fi ti etíkun pa, ẹlòmíì á ní ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi ń ṣeré, kí ẹ tó ṣẹ́jú ẹnì kẹta ti gbé fídíò àtijọ́ jáde pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n jókòó tú u palẹ̀. Ẹja ńlá inú òkun tí eyín ẹ̀ dà bí ayùn ni mo ń sọ o, kì í ṣe ṣàkì tí ẹ fi ń jẹ àmàlà.

Kí ló tiẹ̀ ṣẹlẹ̀?

Láàárín ọjọ́ méjì péré, 18 sí 20 January 2026, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ṣáàkì kọlu èèyàn ní ìpínlẹ̀ New South Wales, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ sì jẹ́ inú Sydney. Èyí àkọ́kọ́ ló dun èèyàn jù. Ọmọ ọdún 12 kan tòun tàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń bẹ́ láti orí àpáta sínú omi ní apá Vaucluse ni ṣáàkì gbá lẹ́sẹ̀ mú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn náà ló fà á jáde, ṣùgbọ́n ọmọ náà padà kú. Lọ́jọ́ kejì, ní Dee Why, ṣáàkì bu pátákó tí ọmọkùnrin míì fi ń gun ìgbì jẹ, Ọlọ́run yọ ìyẹn, eyín ò kàn án lára. Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú tán ó tún ti kan ọkùnrin kan ní Manly, wọ́n sáré gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sípítù. Ẹ̀kẹrin jìnnà sí Sydney, lápá òkè lọ́hùn-ún ní Point Plomer, ẹni yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣèṣe. Bí wọ́n ṣe ti gbogbo etíkun apá Northern Beaches pa nìyẹn, ìyẹn apá àríwá Sydney tí Dee Why àti Manly wà.

Òjò wà lára ohun tó fà á. Òjò ńlá rọ̀ ní Sydney nígbà yẹn, ẹ̀yin náà mọ bí omi ṣe máa ń rí tí òjò bá rọ̀ báyẹn, gbogbo ìdọ̀tí inú gọ́tà àti inú odò ló ń ya wọ òkun, omi á wá pupa bíi tíì, ẹja kéékèèké á máa tẹ̀lé ìdọ̀tí yẹn, ẹja ńlá á sì máa tẹ̀lé àwọn kéékèèké. Oríṣi ṣáàkì kan wà tí òyìnbó ń pè ní bull shark, òun ló fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀ jù, kò bẹ̀rù omi tí kò níyọ̀, ó lè gba inú odò lọ jìnnà gan-an. Tí omi Sydney bá ti móoru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ìyẹn ìgbà tí ọyẹ́ ń mú níbí, wọ́n á wá sínú omi ìlú náà, tí omi bá sì tutù wọ́n á padà sókè lọ́hùn-ún níbi tó gbóná.

Ṣé Sydney ò mọ ṣáàkì tẹ́lẹ̀ ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n láti 1963 títí di February 2022, ṣáàkì ò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní February 2022 ni ọ̀kan pa ọkùnrin kan tó ń wẹ̀ ní Little Bay. September 2025, òmíràn tún pa ọkùnrin kan tó ń gun ìgbì ní Long Reef. Kò pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni ti January yìí dé. Ẹni tó ti lo nǹkan bí ọgọ́ta ọdún láìrí irú ẹ̀, tó wá ń rí i léraléra, ẹ ò lè dá a lẹ́bi pé àyà ẹ̀ ń já.

"Títì pa" yẹn, ṣé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í ni?

Rárá o, ta ló lè ti òkun? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀ á yọ àsíá pupa-òun-yẹ́lò tó máa ń fi ibi tó dáa láti wẹ̀ hàn, wọ́n á ta àsíá pupa, wọ́n á gbé pátákó sórí yanrìn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọmi, wọ́n á fọn fèrè ìkìlọ̀, àwọn tó wà nínú omi á jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè rìn lórí yanrìn, ẹ lè jókòó jẹ búrẹ́dì yín. Sydney tiẹ̀ ní àwọn àdágún tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta létí òkun, ìgbì ń ta omi sínú ẹ̀ ṣùgbọ́n ẹja ńlá ò lè wọ̀ ọ́, ibẹ̀ làwọn tí wẹ̀wẹ̀ ti mọ́ lára ń sá lọ tí òkun bá ti di àtìpa.

Tí ṣáàkì bá ṣe ẹnì kan léṣe gidi ní New South Wales, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 24 ni wọ́n ń tì í, tí wọ́n bá tún rí ṣáàkì wọ́n á fi kún un. Kì í ṣe pé wọ́n kàn jókòó máa wo aago o. Wọ́n á rán dúróònù sókè, ẹlikópítà á máa yí ká, ọlọ́pàá á gbé pátákó tó ní ojú eyín lára lọ, àwọn onímọ̀ nípa ẹja á wo bí eyín yẹn ṣe rí kí wọ́n lè sọ irú ṣáàkì tó jẹ́. Nígbà míì èèyàn ló ṣì wà nínú omi tí wọ́n ń wá, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń wá òkú náà ò gbọdọ̀ di òkú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn ni ìwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní smart drumline. Wọ́n á so ìwọ̀ ńlá mọ́ bọ́ọ̀lù tó léfòó lórí omi, wọ́n á fi ẹja tútù ṣe ìjẹ, tí ṣáàkì bá ti gbé e mì tó fà á, màgínẹ́ẹ̀tì kan á já kúrò nídìí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn á gba ti sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni náà á gbéra pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, ó gbọ́dọ̀ débẹ̀ láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n á so ṣáàkì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n á wọn gígùn ẹ̀, wọ́n á fi àmì kan sí i lára, wọ́n á fà á lọ sọ́wọ́ ibú, wọ́n á tú u sílẹ̀ láàyè. Láti ọjọ́ yẹn lọ, tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àmì náà kọjá, áàpù á sọ fún gbogbo ìlú pé ó ti dé o. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n so agogo mọ́ ológbò lọ́rùn.

Ṣé ṣáàkì tó bu èèyàn jẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀ ni?

Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn dúró lé, àmọ́ àwọn èèyàn kì í fẹ́ dé ibẹ̀, ariwo ni wọ́n fẹ́ pa.

Láyé àtijọ́, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Sydney tó ń jẹ́ Victor Coppleson ló gbé èrò kan kalẹ̀ pé ṣáàkì kan ṣoṣo lè ya wèrè, tó bá ti tọ́ èèyàn wò lẹ́ẹ̀kan á máa rìn kiri etíkun wá ẹlòmíì. Èrò yẹn wọ àwọn èèyàn lórí gan-an. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń rò pé tí wọ́n bá ti pa ṣáàkì kan, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò gba èyí gbọ́ mọ́, wọ́n ní ohun tó ń kó ṣáàkì wá síbì kan ni kí ẹ wò, bóyá òkú àbùùbùtán ni o, bóyá ẹja tó ṣù jọ ni o, bóyá omi tó dọ̀tí ni o, torí tí ohun yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pa ọ̀kan, òmíràn á dé.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Coppleson ò tíì kú tán. Ọ̀mọ̀wé ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Eric Clua ní kì í ṣe gbogbo ṣáàkì ló níwà kan náà, àwọn kan láyà ju àwọn yòókù lọ, irú ìyẹn lè kọlu èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ní wọ́n lè fi DNA tó wà lójú ọgbẹ́ mọ èyí tó ṣe é. Àwọn tó ń ta kò ó ní ẹ̀rí ò tíì pọ̀ tó.

Èwo ló wá kàn wá níbẹ̀? Òun ló máa sọ bóyá wákàtí 24 nítumọ̀. Great white, ìyẹn funfun ńlá yẹn, arìnrìn-àjò ni, ó lè rin ọ̀pọ̀ kìlómítà láàárín ọjọ́ kan, tí ó bá bu èèyàn jẹ láàárọ̀ ó ṣeé ṣe kó ti jìnnà kílẹ̀ tó mọ́. Fún irú ìyẹn, ọjọ́ kan lè tó. Ṣùgbọ́n bull shark tó rí omi pupa àti ẹja nínú ẹ̀ lè má lọ síbì kankan, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà náà wákàtí 24 ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan fún ẹja náà, èèyàn ló kàn fara balẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi sọ pé ẹ má kàn béèrè pé "ọjọ́ mélòó ni kí á tì í?", ẹ béèrè pé "irú ṣáàkì wo ni, kí ló sì gbé e wá?"

Tí wọ́n bá ṣí i kíá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù.

Ìparí November sí ìbẹ̀rẹ̀ December 2010 ni. Ìlú àwọn tó wá gbafẹ́ ni Sharm el-Sheikh, òtẹ́ẹ̀lì lóríṣiríṣi, àwọn ará Rọ́ṣíà, Jámánì àti Ìlú Ọba ló ń kún ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, ṣáàkì ṣe èèyàn mẹ́rin léṣe yánnayànna. Wọ́n ti etíkun pa. Àwọn aláṣẹ wá mú ṣáàkì méjì, wọ́n pa á, wọ́n fi han ayé pé ẹ wò ó, a ti mú ọ̀daràn, ní ọjọ́ 4 December wọ́n ní ẹ máa wọmi lọ. Lọ́jọ́ 5 December, ọjọ́ kejì péré, ṣáàkì pa obìnrin ará Jámánì kan tó jẹ́ ẹni nǹkan bí 70 ọdún, ibi tó ti ń wẹ̀ ò jìnnà sí èbúté rárá.

Àwọn tó mọ ẹja ti wo ṣáàkì méjì tí wọ́n mú, wọ́n ní àmì ara èyí tó wà nínú fọ́tò tí àwọn òmùwẹ̀ yà ò bá a mu. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́, àsìkò tí owó ń wọlé ni. Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn onímọ̀ jọ wádìí ẹ̀, ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ṣáàkì wèrè kan. Wọ́n ní èèyàn ti pẹja inú òkun yẹn jù, wọ́n ní àwọn kan ń fún ṣáàkì lóúnjẹ kí àwọn àlejò lè rí i wò, tí ẹja ti wá mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni oúnjẹ ti ń wá. Wọ́n tún mẹ́nu ba ọkọ̀ òkun tó ń kó àgùntàn ọdún, torí ọjọ́ 16 November ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún yẹn, èyí tó bá kú lọ́nà wọ́n á jù ú sómi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra àgbò rí, ẹ wo bí ẹran ọdún ṣe di ọ̀rọ̀ ṣáàkì.

Gómìnà agbègbè náà tiẹ̀ sọ pé kò yẹ kí wọ́n yọ ti àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ Ísírẹ́lì kúrò, pé bóyá àwọn ló fi ṣáàkì ránṣẹ́. N ò ní sọ nǹkan kan sí ìyẹn.

Kí làwọn tó ní kí wọ́n má tì í ń sọ?

Wọ́n ní ẹ ka iye. Àwọn onímọ̀ kan wà ní Florida lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà tó ń ka ìkọlù ṣáàkì, lágbàáyé pátá wọ́n ka 69 ní 2023, ní 2024 wọ́n ka 47. Ìkọlù tí èèyàn ò fọwọ́ ara ẹ̀ fà ni wọ́n ń kà o, tí ẹ bá lọ gún ṣáàkì lọ́kọ̀ tó sì bù yín jẹ, ìyẹn ò sí nínú ẹ̀. Tí ẹ bá wá wo ti omi fúnra ẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé WHO ní nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi ní 2021. Ní Australia nìkan, èèyàn 323 ló kú sómi láàárín July 2023 sí June 2024. Àwọn yìí ní tí ẹ bá lé èèyàn kúrò níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ ọ, ó lè lọ wẹ̀ níbi tí kò sẹ́nì kankan, ìṣàn omi á sì gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ìṣàn omi yìí, ẹni tó bá ń gbé Èkó ò nílò àlàyé. Etíkun tiwa, ṣáàkì kọ́ là ń sá fún níbẹ̀, omi tó ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀ lọ sínú ibú ni, ọdọọdún lọ̀pọ̀ ìdílé ń sunkún lẹ́yìn ọjọ́ ọdún torí ẹ̀.

Àwọn tó ní kí wọ́n tì í náà lóhun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní iye gbogbo ayé ò ràn yín lọ́wọ́ tó bá jẹ́ pé òkun iwájú ilé yín ni ẹja náà wà lónìí, torí ìkọlù máa ń ṣe bí òjò, kì í rọ̀ káàkiri ní dọ́gbadọ́gba, ó máa ń dà síbì kan. Sharm nìyẹn, January 2026 nìyẹn, New Jersey ní July 1916 nìyẹn, èèyàn mẹ́rin ló kú láàárín ọjọ́ 12. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ò tiẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè kan náà, ẹni kìíní ń sọ̀rọ̀ ọdún, ẹni kejì ń sọ̀rọ̀ ọ̀la.

Ohun tí kò sẹ́ni tó lè fi hàn ni pé títì tí wọ́n tì í ló gba ẹnì kan là. Tí kò bá sẹ́ni tó wọmi, kò sẹ́ni tí wọ́n bù jẹ, ẹ wá fẹ́ ka kí ni?

Àwọn àwọ̀n ńkọ́? Ṣebí wọ́n ní Sydney ní àwọ̀n?

Ó ní, láti 1937. Etíkun 51 ni wọ́n máa ń nà á sí láti Newcastle dé Wollongong nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ògiri ló ṣe rí, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀n kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 150, ó ga tó mítà 6, inú omi tó jìn ju gíga ẹ̀ lọ ni wọ́n sì nà á sí, kò kan etí òsì, kò kan etí ọ̀tún, ṣáàkì lè gba òkè ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Nǹkan bí 40 nínú 100 ṣáàkì tó ń kó sí i, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kó sí i, ìyẹn ni pé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wẹ̀, wọ́n ń padà lọ sílé ni. Ó sì ń pa ìjàpá òkun àti àwọn ẹ̀dá míì tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tiẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìyẹn kí ọ̀rọ̀ Long Reef tó ṣẹlẹ̀, bí wọ́n ṣe dá a dúró nìyẹn. Òṣèlú wo ló fẹ́ yọ àwọ̀n lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń sin òkú?

Tí wọ́n bá wá tì í títí lọ ńkọ́?

Ibi méjì ló ti gbìyànjú ẹ̀, àwọn méjèèjì ló yẹ kí á wò dáadáa.

Réunion ni àkọ́kọ́, erékùṣù Faransé nínú Òkun Índíà. Láti 2011 sí 2019, èèyàn 11 ni ṣáàkì pa níbẹ̀. Ní July 2013, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin ọdún 15 kan kú nítòsí etí omi, ìjọba fòfin de wíwẹ̀ àti gígun ìgbì ní gbogbo etíkun, àfi inú ọ̀sà tí àpáta yí ká àti àwọn ibi tí wọ́n ń ṣọ́. Òfin yẹn ò jẹ́ ọjọ́ kan, ọdún gbáko ni, wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Àwọn ọmọ tó ti ń gun ìgbì láti kékeré ò ríbi lọ, àwọn tó láyà ń yọ́ lọ sínú omi, ní 2015 ṣáàkì pa ọmọ ọdún 13 kan tó mọ ìgbì gùn dáadáa, inú omi tí òfin ti dè ló ti kú. Ìjà wá dé. Àwọn tó ń gun ìgbì ní òkun tí ìjọba fi pa mọ́ fún ẹja láti 2007 ló sọ ibẹ̀ di ilé oúnjẹ ṣáàkì, àwọn tó ń dáàbò bo òkun ní irọ́ ni, pé ìdọ̀tí ìlú tó ń ya wọ òkun ló fà á. Ní 2017, Kelly Slater, ẹni tó gba ife àgbáyé gígun ìgbì jù lọ, kọ ọ́ síta pé kí wọ́n máa pa ṣáàkì Réunion lójoojúmọ́, ariwo tó tẹ̀yìn ẹ̀ jáde kọjá wẹ́rẹ́. Wọ́n na àwọ̀n tó dé ìsàlẹ̀ gan-an sí Boucan Canot, ní August 2016 àwọ̀n yẹn ya, ọkùnrin kan wọlé síbẹ̀, ṣáàkì náà wọlé, ọkùnrin náà pàdánù apá àti ẹsẹ̀ kan.

Ibi kejì ni Recife ní Brazil, èyí sún mọ́ wa díẹ̀ torí ìlú tí wọ́n ti ń pe gbogbo ẹ̀sìn òrìṣà ní Xangô ni, orúkọ Ṣàngó yẹn náà ni. Ìlú yìí ò ní wàhálà ṣáàkì kankan tí ẹnikẹ́ni ń kà tẹ́lẹ̀. Láti 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ti lé ní 70 ìkọlù báyìí ní ìpínlẹ̀ Pernambuco, ó lé ní 20 èèyàn tó ti kú. Kí ló yí padà? Pọ́ọ̀tì ni. Wọ́n kọ́ pọ́ọ̀tì Suape sí apá gúúsù ìlú náà, wọ́n gé igbó inú ẹrẹ̀ etí omi, wọ́n yí ẹnu odò padà, ibi tí abo bull shark ti máa ń wọlé bímọ wá bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bí wọ́n ṣe ṣí lọ sí ẹnu odò Jaboatão nìyẹn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun tí èèyàn ń kún jù. Ọ̀nà jíjìn kan sì wà nínú òkun níwájú etíkun Piedade àti etíkun Boa Viagem, bíi kòtò tó nà tẹ̀lé etí omi, ibẹ̀ ni ṣáàkì ń gbà bí ẹni ń gba títì márosẹ̀.

Ní 1995 ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de gígun ìgbì ní etíkun náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀jọ̀gbọ́n Fábio Hazin àtàwọn èèyàn ẹ̀ láti yunifásítì kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀ mú ṣáàkì láàyè ní 2004, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e lọ sínú ibú, wọ́n á tú u sílẹ̀ níbi tí òkun á ti fà á jìnnà sí ìlú. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn bá ń lọ, ìkọlù dín kù tó nǹkan bí 97 nínú 100. Tí iṣẹ́ bá dúró, ìkọlù á padà. Owó ni iṣẹ́ náà ń jẹ, nígbà tó yá owó ò jáde mọ́. Hazin fúnra ẹ̀ kú ní 2021.

Ọdún 2021 yẹn kan náà, lẹ́yìn ìkọlù méjì nínú oṣù July, ìjọba ìbílẹ̀ Jaboatão ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀ mọ́ ní apá kan Piedade, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà létíkun níbẹ̀. Ní March 2023, láàárín ọjọ́ méjì, ṣáàkì gé ọmọkùnrin ọdún 14 lẹ́sẹ̀, ó gé ọmọbìnrin ọdún 15 lápá, Piedade yẹn kan náà ni. Pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, àwòrán ṣáàkì wà lára ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò ṣe ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ò ṣe lọ́jọ́ yẹn, oòrùn ń mú, ìyá ń ta àgbọn lẹ́yìn yín, omi wà níwájú yín, ó ti tó nǹkan bí ọdún méjì tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló ń san owó títì pa yìí?

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Wákàtí 24 ní Sydney, ẹni tó ń ta kọfí létíkun á kàn bínú, á padà ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ní Réunion, ilé ẹ̀kọ́ gígun ìgbì àti ṣọ́ọ̀bù pátákó kógbá sílé, àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gùn jù kó lọ sí Faransé. Ní Íjíbítì, òtẹ́ẹ̀lì ni, ìyẹn ló fà á tí wọ́n ṣe sáré ṣí i. Ní Recife, ẹni tó ń ta ọbẹ̀ gbígbóná nínú fúláàsì àti ẹni tó ń háyà àga lórí yanrìn ni, àwọn wọ̀nyẹn ò kúrò níbẹ̀, torí Recife ò ti yanrìn.

Tí mo bá wà ní Recife lónìí, ṣé mo lè wọmi?

Èyí lohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe. Recife gan-an, àpáta inú òkun ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn lédè Potogí. Ní Boa Viagem, tí òkun bá fà sẹ́yìn, àpáta yẹn á yọrí jáde bí odi, omi tó bá kù lẹ́yìn ẹ̀ á dà bí adágún, kò dé orúnkún níbòmíì, àwọn ọmọdé á máa ṣeré nínú ẹ̀ pẹ̀lú páànù àti ṣíbí, ẹja kéékèèké á máa sá láàárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n máa ń wo aago òkun, ìyẹn ìgbà tí omi máa fà àti ìgbà tó máa kún, kí wọ́n tó jáde nílé. Tí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gorí àpáta, ẹ óò rí i tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wọn lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.